Tẹ́níìsì Nínú Ọ̀sẹ̀ Ọ̀fọ̀: Arthur Ashe ní Èkó, Oṣù Èrèlé Ọdún 1976

Nínú ìtàn eré ìdárayá, ìdíje kan a máa di mánigbàgbé nítorí ẹni tó borí, òmíràn nítorí bí àmì ayò ṣe sún mọ́ ara wọn tó, òmíràn ẹ̀wẹ̀ nítorí iye wákàtí tí wọ́n fi gbá a. Èyí tí Arthur Ashe àti Jeff Borowiak gbá ní Èkó nínú oṣù Èrèlé (oṣù kejì) ọdún 1976 kò di mánigbàgbé nítorí ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ohun tó sọ ọ́ di ìtàn ni pé wọn kò gbá a parí. Bọ́ọ̀lù ń lọ, bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ya wọ pápá tòun tìbọn, tí wọ́n lé òṣèré àti òǹwòran jáde. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa olórí orílẹ̀-èdè ni, omi kò sì tíì gbẹ lójú ẹnikẹ́ni.

Nínú ìwé àwọn ará òkèèrè, ìpínrọ̀ kan tàbí méjì ni ìtàn yìí sábà máa ń gbà: akọni tẹ́níìsì kan lọ sí Áfíríkà, àwọn ológun sì fìbọn lé e. Nílé níbí, wọn a máa sọ ìtàn ìdìtẹ̀ náà láìdárúkọ tẹ́níìsì rárá. Ìdajì ìtàn wà lọ́hùn-ún, ìdajì wà níhìn-ín. Ìgbà tí a bá so méjèèjì pọ̀ ni ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ tó yọjú: nígbà tí òkú àgbà bá wà nílẹ̀, ta ló ní àṣẹ láti sọ pé kí eré máa lọ, ta ni yóò sì ru ẹ̀bi bí eré náà bá di ìjà?

Ọmọ Olùṣọ́gbà

Ọjọ́ 10 oṣù Agẹmọ (oṣù keje) ọdún 1943 ni wọ́n bí Arthur Ashe ní ìlú Richmond, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 6 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Bàbá rẹ̀ ni alámòójútó ọgbà ìṣeré kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Inú ọgbà náà ni ilé wọn wà, nítorí náà ẹnu ọ̀nà ilé ni ọmọ yìí ti bá pápá tẹ́níìsì pàdé. Ní ìlú kan náà, pápá mìíràn wà tó dára ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ló ni ín, ẹsẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́.

Oníṣègùn aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Robert Walter Johnson, ní ìlú Lynchburg, ló gbà á tọ́ nínú eré náà. Ẹ̀kọ́ tí Dókítà Johnson fi ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ le. Wọn kò gbọdọ̀ bá adájọ́ jiyàn, wọn kò gbọdọ̀ ju rákẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, ìbínú kò sì gbọdọ̀ hàn lójú wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun dìrọ̀ mọ́ láti lé wọn kúrò lórí pápá. Sùúrù tí gbogbo ayé wá mọ̀ mọ́ Ashe, ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Ní ọdún 1968, ó gba ife ẹ̀yẹ US Open. Ológun ni Ashe fúnra rẹ̀ lákòókò yìí, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní ipò ọ̀gágun kékeré. Nítorí pé kò tíì di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, kò lè gba ẹ̀bùn 14,000 dọ́là tí ó tọ́ sí ẹni tó borí. Ní ọdún 1970, ó gba ife ẹ̀yẹ ti Ọsirélíà. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1975, ó na Jimmy Connors ní Wimbledon pẹ̀lú àmì ayò 6-1, 6-1, 5-7, 6-4, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé Connors ni yóò fọ́n ọn ká. Òun ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò gba ife ẹ̀yẹ náà. Nítorí náà, nígbà tó fi máa gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù méje lẹ́yìn náà, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní akọni Wimbledon ni.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 1971, nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń káàkiri láti fi eré náà han àwọn ọ̀dọ́, ó rí ọmọ ọdún 11 kan ní Yaoundé ní Kamẹrúùnù. Ọmọ náà ni Yannick Noah. Ashe ló tọ́ka rẹ̀ fún àwọn aláṣẹ tẹ́níìsì ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì mú un lọ kọ́ṣẹ́. Ní ọdún 1983, Noah gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Faransé. Ní ti Gúúsù Áfíríkà, ìjọba amúnisìn ibẹ̀ kọ̀ láti fún Ashe ní ìwé ìwọ̀lú léraléra kí wọ́n tó gbà fún un ní ọdún 1973. Àwọn kan bínú sí i pé ó lọ. Èsì tirẹ̀ ni pé ó yẹ kí ọmọdé aláwọ̀ dúdú tó wà lọ́hùn-ún rí aláwọ̀ dúdú tó dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ìdíje Tó Wọ Èkó

Ẹgbẹ́ World Championship Tennis, tí wọ́n ń gé kúrú sí WCT, ló gbé ìdíje náà kalẹ̀. Lamar Hunt, ọlọ́lá kan láti Texas tí ìdílé rẹ̀ là nínú òwò epo rọ̀bì, ni igi lẹ́yìn ọgbà ẹgbẹ́ náà. Láti ìlú dé ìlú ni àwọn òṣèré wọn ń lọ, wọn a máa kó àmì jọ, àwọn 8 tó bá ta yọ a sì pàdé ní Dallas láti parí ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1976, wọ́n fi Èkó kún àwọn ìlú náà, ìdíje yìí sì ni wọ́n ń kà sí ìdíje tẹ́níìsì akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà àwọn aláwọ̀ dúdú.

Kò yani lẹ́nu pé Èkó ni wọ́n yàn. Owó epo ti gbéra sókè láti ọdún 1973, Nàìjíríà sì ń wá ibi tí yóò ti fi ara rẹ̀ han ayé. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1973, ó gba àlejò Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ní pápá ìṣeré tuntun tó wà ní Surulere. Ìpalẹ̀mọ́ sì ti ń lọ fún àjọ̀dún àṣà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FESTAC, èyí tó wáyé ní ọdún 1977. Ilé ń gbàlejò, ilé sì fẹ́ kí àlejò rí i pé òun tó ilé í gbé.

Ọjọ́ Ẹtì Náà

Ọ̀gágun Murtala Muhammed ló ń ṣàkóso. Ọjọ́ 29 oṣù Agẹmọ ọdún 1975 ni àwọn ológun yọ Yakubu Gowon, tí wọ́n sì fi í jẹ. Ìjọba rẹ̀ yára bí iná ọyẹ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé ọdún 1976, ó kéde pé ìpínlẹ̀ 12 tó wà nílẹ̀ yóò di 19, àti pé olú-ìlú yóò kúrò ní Èkó lọ sí Abuja.

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn ìkéde náà, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá Murtala dúró ní Ìkòyí bó ṣe ń lọ síbi iṣẹ́. Kò ní ọ̀wọ́ ẹ̀ṣọ́ rẹpẹtẹ. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ da ìbọn bo ọkọ̀ Mercedes tó wà nínú rẹ̀. Òun, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ Akintunde Akinsehinwa àti awakọ̀ rẹ̀ ló bá a lọ. Ẹni tó léwájú ọ̀tẹ̀ náà ni Ọ̀gágun Buka Suka Dimka. Kàyéfì ibẹ̀ ni pé ẹ̀ka tó ń rí sí ìdárayá àwọn ọmọ ogun ni Dimka ń darí. Ó gba ilé iṣẹ́ Rédíò Nàìjíríà, ó sì kéde kónílé-ó-gbélé láti aago 6 òwúrọ̀ dé aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ta kókó bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ètò rẹ̀ kò dọ́gba. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀tẹ̀ ti forí ṣánpọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀mí tó lọ kò lè padà mọ́. Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gágun Olusegun Obasanjo bọ́ sórí àléfà, ó sì kéde ọ̀fọ̀ ọlọ́jọ́ méje káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ọ̀fọ̀ Kwara

Ẹni tó bá rò pé ọ̀ràn Èkó nìkan ni ọ̀ràn yìí, kò tíì gbọ́ ti Kwara. Ní ọjọ́ kan náà, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gbé Gómìnà ológun ìpínlẹ̀ Kwara, Ọ̀gágun Ibrahim Taiwo, láti Ìlọrin, wọ́n sì pa á. Kò tíì pé ọdún kan tó dé orí oyè. Títí di òní, òpópónà ńlá kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Ìlọrin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sì ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láìbéèrè ẹni tí Taiwo í ṣe.

Ní agbègbè Ọ̀sì, Ìlọ́fà àti àwọn ìlú Èkìtì yòókù tó wà ní Kwara, ọ̀rọ̀ ìjọba Murtala ti wọlé dé orí ẹní kí ikú tó dé. Ìkéde ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé ló kó àwọn Èkìtì tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sínú ìpínlẹ̀ Ondo tuntun, tó sì fi àwọn ará Ọ̀sì àti Ìlọ́fà sílẹ̀ ní Kwara níbi tí wọ́n wà. Èdè kan, àṣà kan, ààlà láàárín. Lẹ́yìn ọjọ́ 10, ẹni tó kéde ààlà náà kú, Gómìnà tí yóò mú un ṣẹ ní Kwara náà sì kú. Ìpínlẹ̀ tó pàdánù olórí orílẹ̀-èdè àti Gómìnà rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀fọ̀ ọlọ́jọ́ méje.

Bí ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń ṣọ̀fọ̀ olórí kì í sì í ṣe ohun tó fara sin. Ọba kì í kú, wíwàjà ni í wàjà. Bí ó bá sì wàjà, ọjà a pa, ìlù a dákẹ́, àríyá a sún síwájú. Kì í ṣe pé ebi kò pa ọlọ́jà, tàbí pé ẹni tó ti fi ọjọ́ ìgbéyàwó sí àárín ọ̀sẹ̀ náà kò ná owó sí i. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé àdánù olúkúlùkù kéré sí àdánù gbogbo ìlú. Bí ẹnì kan bá tẹ́ igbá ọjà rẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò ní pè é ní alápọn.

Ìbọn Lórí Pápá

Nígbà tí ìbọn kọ́kọ́ dún, àwọn òṣèré tẹ́níìsì wá ibi ìsádi sí ilé aṣojú Amẹ́ríkà. Wọ́n ti ti pápákọ̀ òfurufú àti ààlà ilẹ̀ pa, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè lọ. Ní ìlú tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ àsọyé di ohun tí wọn yóò ṣe sí ìdíje tó kù díẹ̀ kó parí. Ìpinnu tó jáde ni pé kí wọ́n gbá a lọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ọ̀fọ̀ kò tíì parí, Ashe àti Borowiak jáde sí pápá fún ìpele tó kángun sí àṣekágbá, àwọn òǹwòran sì jókòó tì wọ́n.

Ó ṣẹlẹ̀ lójijì. Àwọn ọmọ ogun wọlé pẹ̀lú ìbínú. Ẹ̀sùn wọn kò ju ẹyọ kan lọ: orílẹ̀-èdè ń ṣọ̀fọ̀, àwọn wọ̀nyí ń ṣeré owó. Òǹwòran túká, oníkálùkù ń wá ọ̀nà àbájáde. Ẹnu ìbọn ni ọmọ ogun kan fi ti Ashe lẹ́yìn jáde kúrò lórí pápá. Ọmọkùnrin tí Dókítà Johnson kọ́ láti má ṣe fún aláwọ̀ funfun ní ìdí tí yóò fi lé e kúrò nídìí eré, aláwọ̀ dúdú ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá fi ìbọn lé e jáde ní ilẹ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn òṣèré náà fi rí ọ̀nà kúrò ní Èkó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ní Caracas ní orílẹ̀-èdè Fẹnẹsúẹ́là tó jìnnà réré, ni wọ́n ti gbá àṣekágbá ìdíje Èkó. Dick Stockton na Ashe pẹ̀lú àmì ayò 6-3, 6-2. Èkó ló ni ìdíje, ará Èkó kan kò sì rí ìparí rẹ̀.

Òfin Ilé Méjì

Ó rọrùn láti dá àwọn ológun lẹ́bi kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ó sì rọrùn láti gbè wọ́n lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kò fàyè gba ọ̀kankan. Òfin méjì tí ilé Yorùbá kò fi ṣeré ló forí gbárí lórí pápá náà. Èkíní ni pé bí ilé bá ń ṣọ̀fọ̀, eré a dúró. Ní ti èyí, ìbínú àwọn ọmọ ogun ní ìdí. Ọ̀gá wọn ni wọ́n pa, wọn kò sì lè lóye bí pàtẹ́wọ́ òǹwòran ṣe ń dún ní ìlú tí àsíá ti wálẹ̀ sí àárín òpó. Èkejì ni pé a kì í fi ọwọ́ líle kan àlejò. Àlejò tó wọlé onílé láìmọ òfin ilé, onílé ló yẹ kó sọ fún un. Bí onílé bá tìlẹ̀kùn eré fún un, yóò jókòó. Bí ó bá ṣí i fún un, yóò ṣeré. Ashe kò yan ọjọ́ náà fúnra rẹ̀.

Ta wá ni onílé? Àwọn tó gbé ìdíje kalẹ̀ àti àwọn tó ní àṣẹ ìlú lọ́wọ́ ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìjọba ló kéde ọ̀fọ̀ ọlọ́jọ́ méje, ìkéde náà sì tó fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Kí eré ìdárayá olówó tó lè wáyé láàárín ọjọ́ méje náà, ó yẹ kí ohùn kan ti òkè wá tí ológun àti ará ìlú yóò jùmọ̀ gbọ́. Ohùn bẹ́ẹ̀ kò dé etí ẹni tó mú ìbọn dání. Nígbà tí àṣẹ kò bá já gaara, ẹni tó ní ìbọn lọ́wọ́ a máa di adájọ́, agbófinró àti olùfìyàjẹni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí ni àlébù ìjọba ológun tí ọ̀sán ọjọ́ náà fi han gbangba ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ.

Òǹkàwé lè bèèrè bóyá ibòmíràn ti ṣe é dáadáa. Ní Munich ní Jámánì, ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ (oṣù kẹsàn-án) ọdún 1972, àwọn agbébọn pa ọmọ Ísírẹ́lì 11 tó wá fún Ìdíje Òlíńpíìkì. Wọ́n dá eré dúró fún bí ọjọ́ kan ààbọ̀, wọ́n ṣe ìsìn ìrántí ní pápá, eré sì tẹ̀síwájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú pé ọ̀fọ̀ náà kéré jù. Síbẹ̀, ẹni tó sọ pé kó dúró àti ẹni tó sọ pé kó máa lọ, gbogbo ayé mọ̀ wọ́n. Nàìjíríà pàápàá fi hàn ní ọdún 1976 kan náà pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń dá eré dúró nítorí ohun tó ju eré lọ. Ní oṣù Agẹmọ, òun àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kó àwọn eléré ìdárayá wọn kúrò ní Montreal ní Kánádà, nítorí pé ẹgbẹ́ rọ́gìbì New Zealand lọ bá Gúúsù Áfíríkà ṣeré. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti fi ọdún mẹ́rin múra sílẹ̀ padà sílé láìsáré, láìfò. Ó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí wọ́n fìbọn tì lẹ́yìn. Àṣẹ wá láti ibi tó yẹ kó ti wá, ó sì yé gbogbo ènìyàn.

Ohun Tó Kù

Àwọn tó dìtẹ̀ kò lọ láìjìyà. Wọ́n yìnbọn pa Dimka ní ọjọ́ 15 oṣù Èbìbí (oṣù karùn-ún) ọdún 1976. Àwòrán Murtala bọ́ sórí owó ogún náírà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, orúkọ rẹ̀ sì wà lára pápákọ̀ òfurufú Èkó. Ọkọ̀ Mercedes tí wọ́n pa á sí wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, ihò ìbọn ṣì wà lára rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Ashe náà kò fi ọ̀rọ̀ Áfíríkà sílẹ̀. Ní ọdún 1985, àwọn ọlọ́pàá mú un níwájú ilé iṣẹ́ aṣojú Gúúsù Áfíríkà ní Washington níbi tó ti ń ṣe ìwọ́de lòdì sí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló kó àrùn Éèdì ràn án, ó sì kú ní ọjọ́ 6 oṣù Èrèlé ọdún 1993. Pápá tẹ́níìsì líle tó tóbi jù lọ ní ayé, ní New York, níbi tí wọ́n ti ń gbá àṣekágbá US Open láti ọdún 1997, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́.

Tẹ́níìsì kò kú ní Nàìjíríà. Ní Wimbledon ọdún 1983, Nduka Odizor, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Èkó, pàdánù sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́ sọ́wọ́ Guillermo Vilas ti Ajẹntínà, ó sì padà gba mẹ́ta tó kù. Ó dé ìpele àwọn 16 kí Chris Lewis ti New Zealand tó dá a dúró. Títí di àwọn ọdún tó tẹ̀ lé 2000, àwọn àjèjì ṣì ń wá díje fún ife Gómìnà ní Oníkan, ní àdúgbò kan náà tí ọkọ̀ Murtala wà.

Eré a máa tún ilé ṣe, ọ̀fọ̀ náà a sì máa tún un ṣe, nítorí ọ̀nà tí ilé fi ń sọ pé ẹni tó lọ níye lórí ni. Oṣù Èrèlé ọdún 1976 kọ́ni pé àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ pàdé lórí pápá kan ṣoṣo láìsí àgbà láàárín wọn. Ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kó sọ ọ́ síta, kó sì dúró lẹ́yìn ohun tó sọ. Bí ó bá dákẹ́, ìbọn ni yóò bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn àlejò ni ẹnu ìbọn náà yóò sì kọjú sí.